Ibi Tí Mo Da Ẹrẹ̀ Kànga Ìyá Dárasími Sí

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ìyá Dárasími, ẹ gba àga onítìmùtìmù yẹn, ẹ má jókòó sórí àpótí. Lọ́yà Ọmọlabí, ẹ tan ẹ̀rọ kékeré tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì gbé e sún mọ́ mi, torí ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Sùwéébátù, ìyàwó mi, fi abẹ̀bẹ̀ yẹn sílẹ̀, ooru ò mú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti jókòó sí mi láyà láti ọdún mẹ́rin. Bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́sàn-án òní, a jẹ́ pé mo gbé e wọ sàréè nìyẹn. Dókítà ti sọ ohun tó máa sọ. Kò sọ ọ́ lójú mi, ìta ló ti bá Sùwéébátù sọ ọ́, àmọ́ etí mi ò tíì di. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá dúró, mo lè má lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá máa gbọ́ ohùn yìí lẹ́yìn mi lè má mọ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Yésúfù Akínọlá lorúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí, ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tó jẹ́ pé àárín Ìbàfò àti Mówè ni mo ti ń jẹun. Kànga ni mo ń gbẹ́. Bàbá Kànga ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Tí mo bá fọwọ́ ra ilẹ̀ báyìí, mo mọ bó ṣe kù tó ká kan omi. Kànga tí mo bá gbẹ́, mo máa ń padà lọ wò ó, bí ìgbà téèyàn ń yọjú sí ọmọ ẹ̀ nílé ọkọ. Ẹ má bínú pé mo ń yangàn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì tí kò mọ nǹkan kan.

Lọ́dún 1999, Ìyá Dárasími àti ọkọ ẹ̀ kó láti Muṣin wá sí Ìbàfò. Yàrá méjì ni wọ́n kọ́, wọn ò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀ tí wọ́n fi kó wọlé. Èmi ni wọ́n pè pé kí n gbẹ́ kànga. Ilẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn ìyẹn yanrìn funfun, nígbà tí omi sì sun, ó mọ́ gaara. Oyún Dárasími wà nínú Ìyá Dárasími nígbà yẹn. Ó bu ife àkọ́kọ́, ó mu ún tán lójú mi, ó ní, "Bàbá Kànga, ẹ ṣé mi lóore o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ròyìn ẹ̀ fún Sùwéébátù nígbà tí mo délé.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ kan dé sẹ́yìn àdúgbò wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, Lọ́yà mọ̀ ọ́n. Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni wọ́n ń kó wá láti Èkó. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da omi kíkan inú ẹ̀ nù, wọ́n á sì yọ́ òjé, irin olóró tó wà níbẹ̀, lórí iná. Inú gọ́tà ni wọ́n ń da omi yẹn sí, gọ́tà náà sì gba ẹ̀yìnkùlé ilé márùn-ún kọjá. Kò pẹ́ tí omi kànga fi ń ta èèyàn lẹ́nu. Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í ké inú rírun. Ọmọ tó ti ń ka ení, èjì dé ẹ̀wá, ó ń gbàgbé èyí tó tẹ̀lé ẹ̀ta. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, gìrì mú un nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ékòó, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, dókítà ní òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti mu omi kànga mọ́, tó jẹ́ pé ọlọ́mọlanke ló ń ta omi fún wọn. Ilé márààrún fẹnu kò, wọ́n lọ bá Lọ́yà Ọmọlabí, wọ́n sì gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ò pọ̀ rárá. Kí wọ́n dí gọ́tà yẹn, kí wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fún wọn lómi tó dáa.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ dìde, ó ní ta ló rí òjé nínú kànga? Ó ní ó lè jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé ni ọmọ náà ń lá, ó lè jẹ́ èéfín ọkọ̀ tó ń kọjá ní márosẹ̀. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Ó pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kóòtù àti àwọn tó ń yẹ omi wò wá sí Ìbàfò ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2004, kí wọ́n bu omi nínú kànga márààrún níṣojú ìhà méjèèjì. Èsì àyẹ̀wò omi yẹn ló máa fi dá ẹjọ́.

Ọjọ́ kẹrin sí Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ọ̀gá Mùsáfírù wá bá mi. Ọmọ Ifọ̀ ni, òun ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe ẹni tó ń bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Ibí yìí ló ti bá mi, ní Mówè, lórí ilẹ̀ tá a jókòó sí yìí. Ìpìlẹ̀ nìkan ló wà ńbẹ̀ nígbà yẹn, koríko ti hù nínú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Èmi àti Sùwéébátù wà nínú yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí, onílé sì ti ní ká wá ibòmíì lọ. Ọ̀gá Mùsáfírù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó wo ìpìlẹ̀ náà yí ká. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún gbogbo Ìbàfò lómi, ẹ̀yin lẹ wà láìnílé? Kò dáa o." Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe. Ó ní, "Iṣẹ́ yín náà ni. Ẹ bá wa fọ kànga márùn-ún yẹn kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ kó gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ẹ̀ jáde, ẹ da ìyẹ̀fun kan tí mo máa fún yín sí i. Ó tán. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fọ kànga ni?" Ó ní sìmẹ́ǹtì á dé lọ́la, páànù á tẹ̀lé e. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn mi pé wọ́n tan bàbá àgbà jẹ. Wọn ò tàn mí. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí kó tó la ẹnu.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ bá Ìyá Dárasími. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, Dárasími jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì sínú ife. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo lọ sídìí kànga, mo ṣí i, mo yọjú wò ó, mo mi orí. Ìyá Dárasími, ṣé ẹ rántí? Mo ní, "Háà! Ṣé báyìí làwọn èèyàn kóòtù máa wá bá kànga yín? Ewé rèé, àkèré tó kú rèé! Wọ́n á ní ìdọ̀tí yín ló ń bá yín jà." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa bà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ilé wa. Tí àlejò bá ń bọ̀, a máa gbá àgbàlá, a máa fọ kọ́tìnì, ife tá ò kì í gbé jáde, a máa gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò bá òun nínú ẹ̀gbin. Kànga sì làwọn àlejò yìí ń bọ̀ wá wò. Lọ́yà, ẹ ò kìlọ̀ fún wọn, mi ò dá yín lẹ́bi. Nílé tiyín, ẹ̀rọ omi lẹ̀ ń ṣí tí omi ń jáde, kò lè wá sí yín lọ́kàn pé à ń fọ kànga de àlejò.

Ìyá Dárasími yọjú wo inú kànga náà. Ó ní, "Bàbá Kànga, ṣé kò ní kó bá ẹjọ́ wa?" Ìbéèrè yẹn, Ọlọ́run ló fi ṣílẹ̀kùn fún mi pé kí n sá jáde. Mi ò sá. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tínú ń bí, mo ní, "Èmi tí mo gbẹ́ ẹ rèé. Ṣé èmi náà ni mo máa ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó tún kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ sí ilé mẹ́rin yòókù tó ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá Kànga bá àwọn náà fọ tiwọn, kí wọ́n má fi àlejò kóòtù ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni mo fi ṣe é. Àwọn lébìrà tí Ọ̀gá Mùsáfírù háyà bá mi fa omi gbẹ, mo wọlé. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ kànga, mi ò rí irú ẹrẹ̀ yẹn rí. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe funfun. Ó rí bí eérú tí wọ́n fomi pò, ó wúwo débi pé ìdajì korobá làwọn tó wà lókè ń lè fà. Ó ń rùn bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí bátìrì. Nígbà tí mo fi máa jáde nínú ti Ìyá Dárasími, awọ orí ìka mi ti ń bó. Ibi tí mo ti rí yanrìn funfun lọ́jọ́sí ló ti dà báyìí. Mo jókòó sísàlẹ̀ ibẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Ẹ má ṣàánú mi nítorí ẹkún yẹn o, torí bí mo ṣe ń sun ún ni mo ń bu ẹrẹ̀ sínú korobá. Nígbà tí omi tuntun sun, mo da álọ́ọ̀mù tó máa ń mú omi tòrò sí i bí mo ṣe máa ń ṣe, mo wá da ìyẹ̀fun funfun tí Ọ̀gá Mùsáfírù fún mi lé e lórí. Dárasími dúró tì mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé gààrí lẹ fẹ́ fún kànga jẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ebi ń pa á. Ìyá ẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹrẹ̀ kànga márààrún, inú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ háyà, tí kò sí orúkọ wọn lára ẹ̀, la kó o sí. Ọ̀gá Mùsáfírù ní kí n dà á sínú àbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀, kó má sẹ́ni tó máa tún fojú kàn án. Àṣìṣe mi nìyí, tàbí kí n ní Ọlọ́run ló ṣe é. Àwa oníkànga, a kì í da ilẹ̀ tá a bá gbẹ́ nù. Onílé ló máa ń fi kún kòtò, tàbí kó fi kún ìpìlẹ̀, torí owó tí wọ́n fi ń ra yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìpìlẹ̀ tèmi sì wà ní òfìfo. Nígbà tí awakọ̀ fẹ́ yà sí àbàtà, mo ní kó máa lọ sí Mówè. Igun kan nínú yàrá kan ni mo dà á sí, lápá ìlà-oòrùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó gbẹ, Gbémiga bíríkìlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì da sìmẹ́ǹtì lé e. Mo rántí pé ó fọwọ́ nu ṣòkòtò, ó ní, "Bàbá, ẹrẹ̀ wo lẹ kó wá yìí? Ó ń jó mi lọ́wọ́." Mo ní kó yára, òjò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n dé láti Abẹ́òkúta, wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n sì lẹ ẹnu ẹ̀ pa. Akọ̀wé kóòtù kan wo inú kànga, ó ní, "Màmá, kànga yín mà mọ́ o." Ìyá Dárasími bojú wò mí láàárín èrò, ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí èsì jáde, òjé tó wà ńbẹ̀ ò tó nǹkan. Lọ́yà Ọmọlabí sáré wá sí Ìbàfò, ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣe nǹkan kan sí kànga ni. Wọ́n ní àwọn ò ṣe nǹkan kan, àwọn kàn fọ̀ ọ́ ni. Wọ́n ní Lọ́yà káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́yà lọ́rùn. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òjé máa ń wúwo, ìdí omi ló máa ń lọ, pé bí Bàbá Kànga bá lè sọ bí ẹrẹ̀ yẹn ṣe rí àti ibi tó dà á sí, wọ́n ṣì lè gbé ẹrẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ìyá Dárasími ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá Kànga ò ní purọ́."

Ẹ̀yin lẹ pè mí ní ẹlẹ́rìí yín. Mo wọ agbádá funfun, mo gbé Kùránì lọ́wọ́, mo búra. Lọ́yà Ọmọlabí, ẹ bi mí pé irú ẹrẹ̀ wo ni mo kó jáde. Mo ní, "Ẹrẹ̀ pupa lásán." Ẹ bi mí pé kí ni mo dà sínú kànga. Mo ní, "Álọ́ọ̀mù nìkan, bá a ṣe máa ń ṣe." Ẹ bi mí pé ibo ni ẹrẹ̀ náà wà. Mo ní, "Ẹ̀bá títì ni mo dà á sí, òjò ti gbá a lọ." Adájọ́ fúnra ẹ̀ wá tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Mo yíjú, mo rí Ìyá Dárasími lórí bẹ́ǹṣì. Kò bínú. Ó kàn ń mi orí bí ẹni pé bó bá ti jẹ́ Bàbá Kànga ló sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Oṣù kẹta ọdún 2006 ni ìdájọ́ jáde. Mo wà ńbẹ̀. Adájọ́ ní ẹni tó bá sọ pé aládùúgbò òun ba omi òun jẹ́, òun ló máa mú ẹ̀rí wá. Ó ní kò tó pé ilé iṣẹ́ wà nítòsí, kò tó pé ọmọ ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ọmọ náà ṣe òun. Wọ́n ní láti fi hàn pé òjé wà nínú kànga, kí wọ́n sì fi hàn pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti wá. Ó wá ka ọ̀rọ̀ mi síta, pé ẹlẹ́rìí tí àwọn olùpẹ̀jọ́ fúnra wọn pè sọ pé ẹrẹ̀ pupa lásán ni òun kó. Ó da ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ ò ṣe àìdáa o. Ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ ló fi dá a, èmi ló sì gbé e síwájú ẹ̀.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Rárá. Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, mo pàdé Ìyá Dárasími ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ìbàfò, lójúmọmọ, oòrùn ń ràn. Ó pọn ọmọkùnrin tó bí lẹ́nu ìgbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, Ọpẹ́olúwa. Ó kúnlẹ̀ tòun tọmọ. Ó ní, "Bàbá Kànga, ẹ bá wa dúpẹ́. Ẹjọ́ ò gbè wá, àmọ́ ó kéré tán, adájọ́ ti ní omi wa dáa. A ti ha ọ̀dà ara ògiri kúrò bí lọ́yà wọn ṣe wí. A ò ra omi mọ́. Omi tẹ́ ẹ fọ̀ fún wa yẹn ni mo fi ń po ọ̀gì fún ọmọ yìí." Ọmọ náà yọjú léjìká ìyá ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín méjì péré ló wà lẹ́nu ẹ̀. Gọ́tà ṣì ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wọn, ìyẹ̀fun Ọ̀gá Mùsáfírù ò ṣiṣẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ, mo mọ̀. Ẹ má mu ún. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ ní láti sọ ìdí ẹ̀. Mo lè parọ́ pé aláǹgbá kú síbẹ̀. Ẹnu tó purọ́ ní kóòtù, kò rí irọ́ kékeré pa láti fi gba ọmọ là. Mo ní, "Ọlọ́run á wò ó," mo sì wọ ọkọ̀.

Ọpẹ́olúwa ò pé ọmọ ọdún méjì tí gìrì fi gbé e lọ. Wọ́n ti gbé e lọ sí Kámpù fún àdúrà, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ohun tí mo gbọ́ ńlé náà tún ju ikú lọ. Adájọ́ ti ní omi dáa, torí náà kò sẹ́ni tó tún wo omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo èèyàn. Ẹnìkan ní ìyá ọkọ ni, pé ìyá arúgbó yẹn ló máa ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ìyá Dárasími, ẹ lé e kúrò nílé yín. Ọkọ yín tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ, kò sì padà. Ìyá yẹn ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ lọ bá a, ẹ kúnlẹ̀ fún un, ẹ sọ fún un pé èmi Yésúfù lẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sunkún, ẹkún yín ò dí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Sùwéébátù, jókòó. Mo mọ̀ pé o fẹ́ jáde. Ìwọ lo sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé o gbọ́ pé ẹjọ́ náà ti dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn n'Íbàdàn, pé Lọ́yà ní kò sí nǹkan tuntun tí òun lè gbé lọ, pé wọn kì í sì í gba ẹ̀rí tuntun àfi téèyàn bá lè fi hàn pé kò sí bóun ṣe lè rí i tẹ́lẹ̀. O sọ ọ́, o sì ń bá iṣẹ́ ẹ lọ, o ń rọ irọ̀rí mi. O ò mọ̀ pé èmi ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Mùsáfírù ní Ifọ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ọjà. Ó ní kí n dákẹ́, pé àgbà kì í fi ẹnu ara ẹ̀ ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́ kó tó kú. Lọ́yà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Mùsáfírù. Ilé ẹ̀ ní géètì aláwọ̀ ewé.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, màá fọwọ́ sí i níwájú ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mú wá, kí n tó lọ. Ẹ tiẹ̀ yára, torí òkú ò lè fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn yìí, tí wọ́n bá fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ̀ yín láti ṣe ibi, tí wọ́n ní iṣẹ́ yín náà ni, kò le, ẹ sá. Ẹ má jókòó gbọ́ ìyókù. Ìyá Dárasími, mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí, mi ò lẹ́nu ẹ̀. Dárasími ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì lè ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Tí kóòtù bá dá a láre tí wọ́n tọ́jú ẹ̀, tí wọ́n dí gọ́tà yẹn kí ọmọ mìíràn má mu ún, lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá síbi sàréè mi, kẹ́ ẹ sọ ohun tó bá wà lọ́kàn yín fún mi.

Gbémiga bíríkìlà wà níta. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é, òòlù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà á jẹ́rìí pé ẹrẹ̀ yẹn jó òun lọ́wọ́. Sùwéébátù, má bínú, ilé tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ nìyí, wọ́n sì máa fọ́ ilẹ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ yàrá yìí ni. Láti ìgbà tá a ti kó wọlé, ibì kan náà ni mo ti ń kírun, lápá ìlà-oòrùn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, tí mò ń fi iwájú orí kanlẹ̀, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, mi ò sì sọ fún ènìyàn kankan. Lọ́yà, ẹ pe Gbémiga wọlé. Kí ẹnìkan bá mi ká ẹní ìkírun mi kúrò ńlẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ ló wà.